Ilẹ̀kùn Fèrèsé Méjìlélógún

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ wa ní Àjégúnlẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, kì í sì í ṣe àga. Ilẹ̀kùn fèrèsé ni. Méjìlélógún ni wọ́n, igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò dagun sínú férémù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn wọlé, kí òjò má sì lè bá a wọlé. Wọ́n fara ti ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn àga, ọ̀kan lé èkejì. Fèrèsé kan ṣoṣo ni pálọ̀ náà ní, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Bàbá mi àgbà ló kó àwọn ilẹ̀kùn náà síbẹ̀. Bàbá ti lọ báyìí, àwọn ilẹ̀kùn ṣì wà ní ìdúró, èmi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí wọn.

Mi ò ní ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá síbí. Wọ́n ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin wọ́n: ibi tí wọ́n bí wọn sí, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. Ẹni tó kà á pè wọ́n ní oníwà tútù, mo sì gbójú sókè wò ó, torí mo rò pé bóyá òkú ẹlòmíràn ló ń sọ. Bàbá kì í ṣe oníwà tútù. Oníjà ni wọ́n. Ohun tí a bá fi igi ṣe ni wọ́n ń torí ẹ̀ jà, wọn kì í sì í tètè gbàgbé.

Ìjọ yẹn kan náà ni wọ́n bá jà lọ́dún tí ìgbìmọ̀ kó gbogbo bẹ́ǹṣì onígi jáde, tí wọ́n ra àga oníke. Bàbá ló ń tún àwọn bẹ́ǹṣì náà ṣe láti ìgbà tí màmá mi, Rónkẹ́, ti wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọ agbádá, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jókòó. Láti orin àkọ́kọ́ dé oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí ìdúró, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nígbà tí àlùfáà wá bẹ̀ wọ́n nílé, Bàbá fún un lómi mu, wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, wọ́n wá ní, “Ẹ ti gbé Ọlọ́run jókòó sórí ike, àlùfáà. Ẹ jẹ́ kí èmi dúró tì í.”

Bí Bàbá bá sì wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó kí onílé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn lọ, wọ́n á fà á bọ̀, wọ́n á dẹtí sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti dìde, ó ti na ọwọ́ jáde láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi èékánná yọ ìdọ̀tí lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀, mo ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Bàbá gbọn eruku lórúnkún, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Ilẹ̀kùn yín ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀.”

Ilé tí àwọn ilẹ̀kùn fèrèsé wa ti wá wà ní Àpápá, ní àdúgbò tí igi pọ̀ sí nígbà náà. Ilé pẹ̀tẹ́sì ni, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ló kọ́ ọ fún máníjà wọn kí a tó gba òmìnira. Kí n tó fojú rí i ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí Bàbá ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Fàráńdà yí i ká. Òrùlé rẹ̀ yọ jáde kọjá ògiri dáadáa kí oòrùn má baà lè dé inú yàrá. Yàrá márùn-ún ló wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Àtẹ̀gùn méjì ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Ti iwájú fẹ̀, igi tí wọ́n ń dì mú lára rẹ̀ ń dán. Ti ẹ̀yìn há, ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́, òun ni kúùkù àti kápẹ́ńtà ń gbà, fèrèsé kékeré kan ló sì ń tàn án. Fèrèsé yẹn ló sọ wọ́n di mọ́kànlá.

Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ nígbà tí ọ̀gá wọn, ará Ìjẹ̀bú kan, gba iṣẹ́ fèrèsé ilé náà. Ọ̀gá ṣe ogún àti ẹyọ kan, ó wá ní kí ọmọ-iṣẹ́ òun gbìyànjú lórí èyí tó kù, ìyẹn apá òsì fèrèsé kọkànlá, lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí òyìnbó ò ní rí i. Bàbá ò tó ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé wọn nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà gbà wọ́n sí iṣẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń tún ilé yẹn ṣe. Òyìnbó mẹ́ta ló gbé ibẹ̀ tẹ̀ léra wọn, kò sí èyí tó mọ orúkọ Bàbá nínú wọn. “Kápẹ́ńtà” ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo bi Bàbá léèrè rí pé kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn ilé tí àwọn òyìnbó ò ti jẹ́ kí wọ́n gba àtẹ̀gùn iwájú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ti gọ̀ jù. “Òyìnbó kàn ń sùn síbẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́. Àwa la mọ ibi tó ti ń dun ilé náà.”

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé, àwọn kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù ra ilé náà, wọ́n ní ọ́fíìsì ni àwọn fẹ́ fi í ṣe. Bàbá ni wọ́n pè sí iṣẹ́ náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé ọ̀hún jù wọ́n lọ. Wọ́n fi pláìwúùdù pín yàrá ìyàwó òyìnbó sí mẹ́ta. Wọ́n dí fàráńdà pa, àwọn akọ̀wé jókòó síbẹ̀. Báàfù gbọọrọ tí òyìnbó ń nà gbalaja sí láti wẹ̀ kò ṣeé gbé jáde láìfọ́ ògiri, ni wọ́n bá ń kó fáìlì sínú rẹ̀, ó kún dé etí. Ilé tí kúùkù ń gbé lẹ́yìnkùlé di ilé jẹnẹrétọ̀. Bàbá ṣe gbogbo ìyẹn, wọn ò jà. Ìgbà tó kan fèrèsé ni wàhálà dé.

Máníjà tuntun náà fẹ́ fi ẹ́síì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù, sí gbogbo yàrá. Ó ní kí Bàbá yọ àwọn ilẹ̀kùn onígi yẹn dànù, kí wọ́n fi ìṣó kan gíláàsì tí kò ṣeé ṣí mọ́ ojú fèrèsé, kí wọ́n sì kó igi náà fún obìnrin tó ń se oúnjẹ lẹ́nu géètì kó fi dáná. Ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá fi bá a jiyàn. Wọ́n ní ilé náà ò ní lè mí mọ́. Máníjà ní ẹ̀rọ ló máa máa bá a mí. Kò bínú, ó ń rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ló sì dun Bàbá jù. Iṣẹ́ ni iṣẹ́, wọ́n gbà láti ṣe é.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni mo fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọn ò fọwọ́ kan ìṣó. Súkúrù ni wọ́n rà, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ gígùn kan, wọ́n sì ń fi súkúrù kọ̀ọ̀kan gún ọṣẹ náà kí wọ́n tó fi í de gíláàsì mọ́ igi, kí ó má baà dípẹtà mọ́ ọn, kí ó lè ṣeé tú lọ́jọ́ mìíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Máníjà gòkè wá bi wọ́n pé kí ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ìṣó ò sí lọ́jà ni. Bàbá ò wẹ̀yìn, wọ́n ń yí súkúdíráfà lọ. Wọ́n ní, “Ìṣó ni ti ẹni tí kò ní padà wá.”

Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ pé kó bu ọwọ́ lu ìwé kan fún àwọn. Mo mọ ìwé náà sórí. Ó ní ilẹ̀kùn fèrèsé méjìlélógún, tí í ṣe ohun ìní ilé yìí, wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà títí ilé yóò fi bèèrè wọn. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó bu ọwọ́ lù ú. Bàbá fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí etí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì, wọ́n ki ìwé náà sáàárín Sáàmù nínú Bíbélì wọn, wọ́n sì wá ọmọlanke.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, ọdọ̀ Bàbá àti Màmá àgbà ni mò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọlanke náà gba Báńdárì, níbi tí Àpápá ti bá Àjégúnlẹ̀ pàdé, kọjá kó tó kó wọn tán. Gbogbo ilé jáde síta. Ìyá Ẹbí, ará Ìjọ́ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, fọwọ́ lé ìbàdí, ó ka ilẹ̀kùn fèrèsé títí ó fi sú u. “Papa,” ó ní, “where the house wey get all this window?” Bàbá ń nu òógùn, wọ́n dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín: “House dey. Na we dey wait am.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Baba Window.

Màmá àgbà ò fẹ́ràn àwọn ilẹ̀kùn yẹn rárá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Wọ́n gba ibi tí àga méjì ì bá wà. Aáyán ń bí sí ẹ̀yìn wọn. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọlé, Bàbá á kọ́kọ́ gbé gbogbo ilẹ̀kùn sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó rántí ohunkóhun mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan omi dé orúnkún, ìkòkò ń léfòó, bàtà mi ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, Màmá sì jókòó sórí tábìlì pẹ̀lú Bíbélì àti ìrẹsì lórí itan wọn. Bàbá ń to ilẹ̀kùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ka nọ́ńbà wọn bí ẹni ka ọmọ. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Bàbá Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èmi náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi nọ́ńbà sí mi lára.”

Ìjà kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí kì í ṣe ti àwàdà. Ooru pálọ̀ wa burú. Bí a bá ṣí fèrèsé, gbogbo ilé á máa wo inú wa. Bí a bá tì í, a ò lè mí. Màmá bẹ Bàbá pé méjì péré nínú méjìlélógún, kí wọ́n fi sí fèrèsé wa, kí àwọn lè rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ láìsí ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ohun tí èèyàn ń bá ẹlòmíràn tọ́jú, kì í lò ó. Ọdọọdún ní ìgbà ooru ni Màmá ń bẹ̀ wọ́n, ọdọọdún ni Bàbá ń kọ̀, títí ọdún tí Màmá ò bẹ̀ mọ́. Oṣù kẹta ni Màmá kú, nínú ooru yẹn, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá Bàbá lórí àpótí níwájú fèrèsé. Ilẹ̀kùn keje ni wọ́n gbé lọ́wọ́, wọ́n ń gbìyànjú láti fi í sí ojú fèrèsé wa. Ó tóbi jù ú lọ, ó lé ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ dájú kí wọ́n tó gbé e pé kò lè wọ̀ ọ́. Ojú wọn ti pọ́n. Mo gba ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ wọn, mo dá a padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nípa ikú ìyàwó wọn kò jù báyìí lọ: “Kò bá a mu, Àbẹ̀kẹ́. Ǹ bá ti gé e.”

Mo ti sọ pé wọ́n ń tọ́jú àwọn ilẹ̀kùn náà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn kó wọn jọ. Gbogbo Oṣù Kejìlá, tí ọ́fíìsì bá ti tì fún Kérésìmesì, ọlọ́dẹ á jẹ́ kí Bàbá wọlé pẹ̀lú téèpù àti ìwé kékeré kan, wọ́n á sì wọn fèrèsé mọ́kànlá. Ìwọ̀n mẹ́ta ni fèrèsé kọ̀ọ̀kan: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Irà ni Àpápá tẹ́lẹ̀, iyanrìn ni wọ́n fi dí i, tírélà sì ń gbọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru. Kò sí ọdún tí fèrèsé kan tàbí méjì ò yẹ̀ ní ìlà kan tàbí méjì lórí téèpù. Bàbá á wá padà sílé, wọ́n á gbé pléènì jáde sí kọ́ríídọ̀, wọ́n á fá ibi tó yẹ kí wọ́n fá lára ilẹ̀kùn, wọ́n á lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Bí ilé ṣe ń yí ní Àpápá ni ilẹ̀kùn ń yí tẹ̀ lé e ní Àjégúnlẹ̀.

Màmá ní ṣe ni wọ́n ń rán aṣọ fún ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kì í kọ lẹ́tà. Bàbá fẹ́ eruku igi kúrò lára pléènì, wọ́n ní, “Ọmọ náà ń dàgbà. A ò lè jẹ́ kí aṣọ há a lọ́jọ́ tó bá dé.”

Bàbá ló bá mi wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì yẹn nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bá mi lọ, wọ́n fi gbogbo yàrá hàn mí bí ẹni pé òyìnbó ṣì wà níbẹ̀. Títí wọ́n fi lọ, wọn ò gba orúkọ tuntun yàrá kankan. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á bi mí pé ṣé inú yàrá àlejò ni mo ti jẹun ọ̀sán, ṣé àwọn tó wà ní yàrá ọmọ ti sanra sí i. Ọ̀gá àwọn akáǹtì, ọkùnrin gíga kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ni Bàbá ń pè ní “ẹni tó jókòó síbi tí màdámù ti ń kun àtíkè.” Mi ò lè wo ojú ọkùnrin náà láìrẹ́rìn-ín. Gbogbo ìbéèrè wọn ló sì ń parí sí ọ̀kan náà, lójoojúmọ́, bí mo bá ti ń bọ́ bàtà: “Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fèrèsé?” Mo máa ń dáhùn pé wọn ò tíì sọ ọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú tí wọn ò lè dé Àpápá mọ́, wọ́n gbé téèpù àti ìwé kékeré náà lé mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo bá wọn wọn fèrèsé. Inú mi kì í dùn sí i, torí àwọn akọ̀wé tó kù ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí mo bá kà á fún Bàbá, wọ́n á dijú, wọ́n á máa fi ìka tẹ bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe ń kà á, wọ́n á ní, “Òun nìyẹn, ó tún ti sún mọ́ wáàfù díẹ̀ sí i.”

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ rí ìwé títa ilé náà. Èmi gan-an ni mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó fẹ́ rà á kò fẹ́ ilé, ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́, ibi tí kọ̀nténà á máa wà. Ọmọ máníjà àtijọ́ ló ń darí ọ́fíìsì báyìí, èèyàn dáadáa ni. Mo wọlé lọ bá a, mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn fèrèsé fún un, mo sọ ti ìwé tí bàbá rẹ̀ bu ọwọ́ lù. Kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ẹnu yà á pé Bàbá ṣì wà láàyè. Mo bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ilé náà sí, kí wọ́n máa lo àgbàlá nìkan. Ó mi orí. “Aunty, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i. Tírélà ò lè sùn sínú yàrá.” Ó ní ní ti igi yẹn, kí Bàbá máa lò ó bó bá ṣe wù wọ́n, kí wọ́n fi dáná bí wọ́n bá fẹ́.

Mi ò lè sọ ọ́ nílé. Mo gbìyànjú. Mo dé, mo bọ́ bàtà, Bàbá bi mí bóyá wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fèrèsé, ẹnu mi sì sọ pé, “Wọ́n ti ń sọ ọ́, Bàbá.” Kì í ṣe irọ́ gan-an. Ojú wọn tàn, wọ́n ní kí n bá wọn gbé pléènì wá kí wọ́n fi epo pa á. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ọ̀nà padà mọ́.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n wó o. Ọ́fíìsì wa ti kó lọ sí ilé ayálégbé kan ní òpópónà kejì, mo sì lọ wò ó lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Katapílà ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ojú fèrèsé, ó fa ògiri náà ya lulẹ̀. Báàfù òyìnbó jáde láti inú eruku, ó ń fì lókè, ó funfun bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ sinmi, mo wọ inú àwókù náà pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì mi, mo ń wá súkúrù Bàbá, ó kéré tán ẹyọ kan. Mi ò rí i. Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo jókòó.

Oṣù Kejìlá dé. Bàbá ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ fún wọn sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilẹ̀kùn wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé. Wọ́n rán mi ní ọjọ́ Sátidé pé kí n lọ wọn fèrèsé. Mo mú téèpù, mo mú ìwé kékeré náà, mo jáde nílé. Mo dé iwájú géètì tuntun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, kọ̀nténà ti tò lérí ara wọn nínú ọgbà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin olóúnjẹ, mo ṣí ojú ewé tuntun, mo sì da gbogbo iye ọdún tó ṣáájú kọ sí i, fèrèsé mọ́kànlá, ìwọ̀n mẹ́ta mẹ́ta. Mo rò pé bí mo bá kọ iye tó ti jẹ́ òtítọ́ rí, irọ́ náà á kéré.

Bàbá dijú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìka wọn ń tẹ bẹ́ẹ̀dì: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé fèrèsé karùn-ún, ìka náà dúró. Mo ń kà á lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tún ti ìkọkànlá kà, ti àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Mo tún un kà.

“Kò yẹ̀ rárá?”

“Kò yẹ̀, Bàbá.”

“Gbogbo wọn ò yẹ̀?”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ó yẹ kí n ti yí i ní ìlà kan, kódà lórí ẹyọ fèrèsé kan. Mi ò rò ó. Bàbá ò tíì lajú. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ilé tí kò bá mira mọ́ ti kú. Ìgbà wo ni wọ́n wó o?”

Mo ní oṣù kẹjọ ni. Bàbá ò bú mi, ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n tú súkúrù àwọn kí wọ́n tó wó o. Mo ronú láti purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ fún wọn pé katapílà ni wọ́n gbé wá.

Wọ́n ní kí n gbé Bíbélì fún àwọn. Wọ́n fa ìwé tí máníjà bu ọwọ́ lù yọ láàárín Sáàmù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn náà mọ̀ ọ́n sórí. “Wọ́n ní kí n tọ́jú wọn títí ilé yóò fi bèèrè wọn,” wọ́n ní. “Ta ni yóò wá bèèrè wọn báyìí?”

Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹni tó ni wọ́n ti sọ pé kí a fi wọ́n dáná. Bàbá ń wò mí. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń dúró de ìdáhùn ni, bí èèyàn ṣe ń dúró de ọmọ tó mọ̀wé ju òun lọ. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n dá a padà sáàárín Sáàmù, wọn ò sì dárúkọ ilé náà mọ́ títí wọ́n fi lọ ní oṣù kejì.

Àwọn èèyàn ti wá bi mí nípa àwọn ilẹ̀kùn náà. Ẹnì kan fẹ́ fi wọ́n ṣe ilé ọtí lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá Ẹbí, tí ó ti dàgbà gan-an báyìí, ní kí n jẹ́ kí wọ́n lọ kí n lè rí ibi na ẹsẹ̀. Òtítọ́ ni. Mo ní mo máa rò ó wò, mi ò sì tíì rò ó.

Nígbà tí Oṣù Kejìlá tún dé, mo mú téèpù. Kò sí fèrèsé tí mo lè wọ̀n, nítorí náà mo wọn àwọn ilẹ̀kùn fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Òjò ọdún yìí ti mú kí igi náà wú. Apá òsì ti ìkọkànlá, èyí tí Bàbá ṣe nígbà èwe wọn, ti fi ìlà méjì fẹ̀ sí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà, lábẹ́ irọ́ tí mo kọ ní èṣí. Mi ò mọ ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún.